Owó ọdún méjì kọ́ ló ń mú ayálégbé rere wá

Àǹtí, olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí, Ìkòròdú ni ilé mi wà. Tọkọtaya tó gba òkè ilé mi kó lọ lóru, wọ́n fi gbèsè iná sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, mo ti sọ fún éjẹ́ǹtì pé owó ọdún méjì ni mò ń gbà, mi ò sì fẹ́ obìnrin tí kò lọ́kọ. Oṣù mẹ́jọ rèé, ilé ṣófo. Àwọn tó ń wá wò ó kì í padà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Onílé

Mà, ẹ kú ìrọ́jú. Gbèsè ẹlòmíì kò ṣe é san tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ ojú abẹ ni n ó là níkòó fún yín: ẹni tó bá kó owó ọdún méjì wá, kò fi hàn ju pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù tí ì bá bá yín gbé pẹ́, ibo ni yóò ti rí i kó jọ, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀? Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò tilẹ̀ gbà yín láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jọ jẹ̀bi: ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Ti obìnrin tí kò lọ́kọ ńkọ́? Ṣebí tọkọtìyàwó ló sá lóru.

Ohun tó yẹ kí ẹ wádìí ni iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe àti bó ṣe gbé níbi tó ti ń bọ̀. Ọgbọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Onílé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí lè máa yìn ín torí kó lè tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni kí ẹ pè. Ẹ bi í bóyá owó ilé ń wọlé lásìkò, ẹ sì bi í bóyá òun tún lè gbà á sílé.

Àwọn tó ń wá tí wọn kì í padà, ẹ̀yin náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ gòkè lọ fúnra yín. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, ṣé omi ń jáde? Ẹ gbójú sókè wo síílìn, ṣé òjò ti kùn ún ní àwọ̀ tíì? Ẹ wá wo mítà. Bí gbèsè yẹn bá ṣì wà lórí rẹ̀, ta ni yóò fẹ́ jogún rẹ̀? Ẹ san án kúrò, kí ẹ sì bá òkè gba mítà prepaid tirẹ̀. Bí kálukú bá ń ra iná tó ń lò, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ gbèsè iná sá mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn náà, kí ó sọ ẹni tí yóò máa tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, àti iye oṣù tí ẹ ó fi ṣe ìkìlọ̀ bí ẹ bá fẹ́ gba ilé yín. Bí àdéhùn kò bá sọ ọ́, oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún.

Bí éjẹ́ǹtì bá ń kùn nítorí owó ọdún kan, ẹ jẹ́ kó máa kùn. Olùkọ́ ni yín. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ti di òṣìṣẹ́ báǹkì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé tó ṣófo náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.