Ta Ló Ni Èsì Àyẹ̀wò Éèdì Kí A Tó So Yìgì?

ÌBÉÈRÈ: Asàlámù aléékúmù, Àáfà wa. Ní àdúgbò wa ní Ìlọrin, mọ́ṣáláṣí kì í so yìgì mọ́ fún ẹni tí kò bá mú èsì àyẹ̀wò éèdì wá. Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ṣí àpòòwé ọkọ ọmọ mi lójú ẹbí méjèèjì, ó kà á sókè pé kòkòrò náà wà lára rẹ̀. Ìdána tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ mi ní òun ṣì máa fẹ́ ẹ. Ṣé ẹ̀sìn gba ohun tí wọ́n ṣe yìí? Ṣé mo lè fa ọmọ mi fún un?

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmú sàlámù, Bàbá. Kí a ní kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, ó dára. Súrátul-Bàkárà, 195, ní kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ẹni tó mọ̀ pé òun ní in, tó fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́, ti rẹ́ ẹ jẹ. Ànábì wa sì ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa.

Kíkà á sókè ni mi ò fara mọ́. Hádíìsì ní ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́run yóò bo tirẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Nínú Ìlọrin tí a mọ̀ yìí, ohun tí wọ́n bá kà lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀ á ti dé Gàmbàrí kí wọ́n tó pe Àsárì! Bí ọ̀dọ́ bá mọ̀ pé wọ́n á ka èsì òun sétí àna, kò ní dé ilé ìwòsàn. Á wá ẹni tó máa bá a tẹ ìwé pé kò sí. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì lè sá fún àwọn àyẹ̀wò kan tó oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kò lè ṣọ́ ọkọ tó ń rìn ìrìnkurìn lẹ́yìn yìgì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2014 pàápàá ò fẹ́ kí a fi kòkòrò yìí ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

(Ẹ bá mi bi akọ̀wé náà: bíléèdì tí wọ́n fi ń fá orí ọmọ níbi sùná, ṣé tuntun ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan?)

Ní ti yìgì, bí ọmọ yín bá mọ̀, tó sì gbà, yìgì yóò so. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí kòkòrò náà mọ́, kì í kó o ran aya rẹ̀ lórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ lọ bá dókítà ọkọ, kí ọkọ fi èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn han ọmọ yín kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ sì bá lèmọ́mù sọ ọ́ pé kí ìwé tí mọ́ṣáláṣí máa gbà jẹ́rìí pé tọkọtaya ti jọ rí dókítà, kó má sọ ohun tí dókítà rí.