Mo la kéèkì mọ́lẹ̀, ara sì tù mí: ṣé orí mi pé?

Àbúrò mi ní Ìbàdàn, tó pe ara rẹ̀ ní "Ojú Ń Tì Mí", o ní lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ, àárín kéèkì tí o yan fún un jìn wọnú bí abọ́. O gbé e tòun ti pán, o là á mọ́lẹ̀, o pariwo, o sunkún. Lẹ́yìn náà lara tù ọ́, o sì sùn fọnfọn. Oorun yẹn gan-an ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù.

Orí rẹ pé. O ní aago 8 alẹ́ lo ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó bá ọ fọwọ́ kan nǹkan kan, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ lo sì fi ra bọ́tà àtẹyin. Ẹrù wà lórí rẹ, o ò rẹ́ni bá ọ sọ̀ ọ́. Mi ò gbà pé pán tí o là mọ́lẹ̀ ló tù ọ́ lára, torí o ní ọwọ́ rẹ ṣì ń gbọ̀n nígbà tí o ń gbá èérún rẹ̀. Ìgbà tí o jókòó sórí àpótí, tí o sunkún tẹ́rùn, lara rẹ tó balẹ̀.

Ọmọ yẹn ló ká mi lára. Ìparí lẹ́tà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà á pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 7 lè máa rò pé ọjọ́ ìbí òun ló kó bá ìyá òun. Pè é lónìí, fà á mọ́ra, kí o sọ fún un pé: "Mo bínú, mo ju nǹkan, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ lo fà á. Má bínú." Àwọn kan á ní ìyá kì í bẹ ọmọ. Kí wọ́n máa wí. Bẹ̀ ẹ́.

Ní ti kéèkì, o ní o ṣí ófùn wò ó nígbà tó di ìṣẹ́jú 15. Ó ti yá jù. Ó ṣì ń wú ni, fúláwà àtẹyin inú rẹ̀ ò tíì dì, ni atẹ́gùn tútù bá wọlé, ó sì wó. Jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 30, kí o tó fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀. Tí nǹkan tútù ò bá lẹ̀ mọ́ igi náà, ó ti jinná. Dín bákìn páúdà kù pẹ̀lú. Bó bá pọ̀ jù, kéèkì á sáré wú, á sì sáré jìn.

Láàárọ̀ Sátidé, tí ara rẹ bá ti sinmi, tún un ṣe. Jẹ́ kí ọmọ náà bá ọ fọ́ ẹyin. Bí èèpo bá já sínú abọ́, kí ẹ jọ fi ṣíbí yọ ọ́.