Ilẹ̀ ọ̀hún le bí òkúta, ṣé mo ṣì nílò tẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ bọ́ńgálò ní apá Numan, ní Adamawa, amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nínú ọyẹ́ yìí, díígà ń ta padà ni. Bíríkìlà ní ilẹ̀ tó le báyìí ò nílò tẹ́ẹ̀sì kankan, ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dúró ná. Gbígbẹ ló jẹ́ kó le tóyẹn, tí òjò bá dé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Amọ̀ dúdú yẹn, láti Numan títí lọ sí Borno, tó bá mu omi á wú, tó bá gbẹ á sún kì, á wá lanu. Tí ẹ bá rí ibi tó lanu débi tí ọwọ́ ń wọ̀ ọ́, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ẹ̀sì ìwú tó rọrùn jù: wọ́n á sá amọ̀ gbẹ nínú ófùnù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da gíráàmù 10 sínú omi, gíráàmù 10 míì sínú kẹrosín torí kẹrosín kì í jẹ́ kó wú. Tó bá di wákàtí 24, tí ti omi bá fi ìdajì ju ti kẹrosín lọ, ewu ńlá ni. Àmọ́ èyí tó máa sọ bí ìpìlẹ̀ yín ṣe máa rí ni kí wọ́n fi odidi amọ̀ tí wọn ò fọ́ sínú òrùka irin, kí wọ́n di ẹrù lé e, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n wo ẹrù tó máa dá a dúró kó má wú sókè. Bọ́ńgálò fúyẹ́, ẹ̀gbọ́n, ìwú amọ̀ dúdú lè ju ẹrù ẹ̀ lọ, ilẹ̀ á kàn máa gbé e ni, ògiri á máa là.

Ní ti agbára, amọ̀ líle máa ń wà láàárín 75 sí 150 kPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ilẹ̀) nínú tẹ́ẹ̀sì triaxial, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ń fún amọ̀ mọ́ra yíká, tí wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ látòkè títí á fi fọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi omi rẹ sámpù kan, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tún un wọ̀n, torí nọ́ńbà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń tanni. Kí wọ́n lo sámpù fífẹ̀ 100 mm, èyí tó kéré lè má kan ojú ibi tó ti là rárá, agbára á wá ga ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ di sámpù níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ gan-an. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé wá bá wa l'Abuja nínú àpò símẹ́ńtì, ó ti gbẹ ó ti fọ́ kó tó dé, owó ẹni ẹlẹ́ni wọlẹ̀, ó dùn mí gan-an. Tí èsì bá ti jáde ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó da kọnkéré, torí òun ló máa sọ bóyá ká gbẹ́ amọ̀ yẹn kúrò ká fi látéráìtì, ilẹ̀ pupa yẹn, dí i, tàbí ká ri òpó jìn kọjá ibi tí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń dé.