Ẹ Bi Ìyá Ìsẹ́yìn: Irun Ajá Wa Ń Já, Ṣé Ó Lè Di Òwú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. A ní ajá Samoyed kan, ọmọ ọdún 11, funfun báláú. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, irun rẹ̀ á máa já bí ẹni tú tìmùtìmù. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ pé wọ́n ń ran irun ajá bí òwú, ó ní ká fi hun súwẹ́tà kí ajá náà tó dàgbà kú mọ́ wa lọ́wọ́. Màmá mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò bójú mu, pé á máa rùn. Ta ló jàre? *Ìyá Tóní, Leeds*

Ìdáhùn: Ìyá Tóní, ọmọ yín jàre, àmọ́ ẹ má tíì dá súwẹ́tà lé. Irun Samoyed gbóná ju irun àgùntàn lọ. Ilẹ̀ Siberia ni wọ́n ti ń sin ín, Ọlọ́run dá irun rẹ̀ fún yìnyín. Ẹni bá wọ súwẹ́tà rẹ̀ jókòó sínú ilé tó ní hítà, òógùn ni yóò bò ó. Ìborùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tàbí fìlà.

Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé nǹkan àtijọ́ ni. Àwọn obìnrin Coast Salish, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ létí òkun níbi tí ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ti bá British Columbia ní Kánádà pààlà, sin irú ajá kan nítorí irun rẹ̀. Wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ kí ajá mìíràn má bàa gùn ún, wọ́n sì ń fi irun rẹ̀ hun ìbora iyì. Irú ajá náà ti run. Àmọ́ awọ ọ̀kan nínú wọn, Mutton, tó kú ní 1859, ṣì wà ní Smithsonian, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, títí dòní, àwọn onímọ̀ sì gbé ohun tí wọ́n rí nínú DNA rẹ̀ jáde ní 2023. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ẹ bi áfáà yín kí ẹ tó fi aṣọ náà kírun.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ mú ìdì irun kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé e sí ojú fèrèsé. Oríṣi méjì lẹ ó rí. Ọ̀kan gùn, ó le, ó ń dán. Èkejì kúrú, ó rọ̀, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èyí tó rọ̀ yìí, tó ń hù lábẹ́, ni tiyín. Ẹ fi ìka ṣa èyí tó le dànù. Ìborùn tí mo kọ́kọ́ hun, mi ò ṣà á, ó sì yún mi lọ́rùn bí ẹni fi wèrèpè pa á. Títú ni mo tú u. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé irun náà o; kọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi yà á, kì í sì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá kán oògùn eégbọn sí ajá lẹ́yìn. Inú àpò ìrọ̀rí ni kí ẹ máa kó o sí. Nínú ọ̀rá, ooru á mú un bu.

Òórùn tí Màmá ń bẹ̀rù, ọṣẹ ìfọ-abọ́ ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná sínú bàsíà, ẹ po ọṣẹ mọ́ ọn, ẹ rọra tẹ irun náà rì, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má gbo ó! Bí ẹ bá gbo ó, á dì bí dàda. Omi tó gbóná tó ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, títí omi á fi mọ́. Ìborùn tèmi pé ọdún mẹ́fà. Bí òjò bá pa á, òórùn irun àgùntàn tútù náà ló ń mú wá.

Ibi tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Àwọn tó ń kọ́ni ní òwú ríran nílùú òyìnbó á ní kí ẹ ra igi ìranwú tó ń rọ̀ dirodiro lójú òfuurufú. Mo lò ó. Irun ajá kúrú, ìwúwo igi náà sì ń fà á, ó ń já ṣáá. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á fi ìdí igi ìranwú sínú igbá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní amọ̀ róbótó nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta á, ó ń pòòyì nínú igbá, ọwọ́ òsì ń fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀. Igbá ló gbé ìwúwo, òwú kò gbé nǹkan kan. Òwú oko náà kúrú, ohun tó fà á nìyẹn. Mo gbé abọ́ ìmumi kan, mo ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, irun ajá náà sì gbọ́ tèmi. Ẹ ta á kó lọ́ dáadáa ju bí ẹ ti máa ta irun àgùntàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ́ okùn méjì pọ̀ sí òdìkejì.

Ẹ pò ó mọ́ irun àgùntàn ní ìlàjì-ìlàjì kí ẹ tó ran án. Irun ajá nìkan kì í fà padà; ọrùn ọwọ́ aṣọ á fẹ̀, kò ní padà sípò mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ lọ́sẹ̀ yìí, kí Tóní kọ orúkọ ajá náà àti ọdún sí ara àpò.

Ìbéèrè: Mà, ajá ìbílẹ̀ wa ńkọ́? Ológbò ńkọ́? *Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Irun ajá ìbílẹ̀ wa kúrú jù, kò sì ní irun abẹ́ tó nípọn. Ológbò onírun gígùn ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ ní láti pò ó mọ́ irun àgùntàn. Ìwọ tó wà ní Ìbàdàn, ra ẹ̀gbọ̀n òwú lọ́jà, wá igbá kan àti ìyá àgbà kan tó ṣì mọ̀ ọ́n ran, kí o jókòó tì wọ́n.