Ẹ Bi Ẹlẹ́rọ Bàálù: Ajá Wo Ló Ń Gbó Lábẹ́ Ọkọ̀?

Nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa ní oṣù tó kọjá, mo ṣa márùn-ún jọ, nítorí pé gbogbo wọn ló kan ohun tí èrò ọkọ̀ máa ń rí tàbí tí ó máa ń gbọ́ nígbà tí bàálù ṣì wà nílẹ̀. Abẹ́ ìyẹ́ bàálù ni èmi náà ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú sípánà àti àkísà lọ́wọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Oníṣòwò aṣọ ni mí ní Gbági, Ìbàdàn. Mo wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá, bí ọkọ̀ sì ti ń rìn lọ sí ojú ọ̀nà tí yóò ti gbéra, mo gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ìjókòó mi, àfi bíi pé ajá ń gbó tàbí pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ irin. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tó sọ nǹkan kan. Ṣé ara ọkọ̀ náà yá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ara ọkọ̀ yín yá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé Airbus A320 tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí ni ẹ wọ̀, nítorí pé àwọn ni ariwo yẹn mọ́ lára.

Gbogbo iṣẹ́ agbára tí ọwọ́ awakọ̀ kò lè dá ṣe nínú bàálù ńlá, bíi kíká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, títẹ bíréékì, àti yíyí àwọn pátákó etí ìyẹ́ àti ti ìrù nínú atẹ́gùn líle, ọ́ìlì ni a fi ń ṣe é. Pọ́ńpù a máa ti ọ́ìlì yìí sínú páìpù tóóró, nígbà tí ọ́ìlì kò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, agbára tí a fi tì í níhìn-ín ni yóò yọ lọ́hùn-ún. Blaise Pascal, ará Faransé, ló ṣàlàyé òfin náà ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Joseph Bramah ará Ìlú Ọba sì gba ìwé àṣẹ ní 1795 lórí ẹ̀rọ ìtẹ-nǹkan tó kọ́kọ́ lo òfin náà dáadáa. Nínú A320, ọ́ìlì náà wà lábẹ́ ìfúnpá pọ́ùn 3,000 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Ẹ rántí pé táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju pọ́ùn 35 lọ. Bí orí písítìnì kan bá fẹ̀ tó ínṣì méjì níbùú, ínṣì méjì lóròó, tí ẹ lè fi ọwọ́ kan dì í mú, yóò ti ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ.

Ojú ọ̀nà mẹ́ta ni ọ́ìlì náà ń gbà, ọ̀kan kì í sì í dà pọ̀ mọ́ ìkejì: a ń pe ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, èkejì ní yẹ́lò, ẹ̀kẹta ní búlúù. Ẹ́ńjìnnì òsì ló ń yí pọ́ńpù àwọ̀ ewé, ti ọ̀tún ló ń yí ti yẹ́lò, iná mànàmáná ló ń yí ti búlúù. Bí iná bá tán pátápátá lófurufú, fáànù kékeré kan a já bọ́ síta lábẹ́ ọkọ̀, atẹ́gùn a máa yí i, òun a sì máa fi agbára bọ́ búlúù. Láàrin àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni ajá yín wà. PTU ni a ń pè é. Bí agbára ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá fi pọ́ùn 500 dín sí ti ẹnì kejì rẹ̀, PTU yóò ta jí, yóò gba agbára lọ́dọ̀ ẹni tó ní, yóò sì fi yí pọ́ńpù fún ẹni tí kò ní, láìjẹ́ pé ẹ̀kán ọ́ìlì kan kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Títa jí àti dídákẹ́ rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ bí ìgbà tí ajá ń gbó. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ń fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo rìn nílẹ̀ kí epo má baà ṣòfò, ó sì tún máa ń dán ara rẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì kejì. Ibi tí mo ti bá yín dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu awakọ̀ ì bá ti tó láti fi ọkàn yín balẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ń tún katapílà àti típà ṣe ní Abẹ́òkúta. Ẹnì kan sọ fún mi pé ọ́ìlì hàìdírọ́líìkì tí a ń rà ní kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ kan bàálù láéláé. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ fi owó gọbọi ta tiwọn ni? Ọ́ìlì kò ha jẹ́ ọ́ìlì bí?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mẹkáníìkì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni iṣẹ́ yín àti tèmi, ṣùgbọ́n lórí èyí, òótọ́ ni ẹni náà sọ. Inú ilẹ̀ ni a ti wa ọ́ìlì tiyín, ó sì máa ń jó bí iná bá kàn án. Nínú bàálù ńlá, páìpù ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ bíréékì tí ó gbóná janjan kọjá, ó sì ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà a nílò ọ́ìlì tí iná kì í tètè mú. Irú èyí tí a mọ̀ jù lọ ni Skydrol, àwọ̀ elésè-àlùkò ni ó ní, fọ́sífétì sì ni ìdí èròjà rẹ̀. Mo ní kì í tètè gbiná. N kò ní kì í jó rárá.

Wàhálà tó wà nínú pípa wọ́n pọ̀ wà lára rọ́bà. Òrùka rọ́bà tí a ṣe fún Skydrol yóò wú, yóò sì rọ̀ bí ọ́ìlì inú ilẹ̀ bá kàn án. Èyí tí a ṣe fún ọ́ìlì inú ilẹ̀ yóò bàjẹ́ bí Skydrol bá kàn án. Àwọn bàálù kéékèèké kan wà tó ń lo ọ́ìlì inú ilẹ̀ aláwọ̀ pupa, àwọ̀ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹlẹ́rọ máa ń wò kí ó tó da ohunkóhun sínú táńkì. Bí ẹnì kan bá fi àṣìṣe da ọ̀kan sínú ìkejì, ohun tó kàn ni kí a fa gbogbo ọ́ìlì ọ̀hún jáde, kí a fọ páìpù, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti fara kàn án. Mo ti rí i kí ọkọ̀ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí agolo kan ṣoṣo.

Skydrol tún ní ìwà kan tí ọ́ìlì tiyín kò ní: ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yìí a sì máa sọ ọ́ di kíkan tó ń jẹ irin. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pa agolo tó ti ṣí mọ́ di ọ̀la, pàápàá ní Èkó tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin. Ó máa ń bó ọ̀dà lára ọkọ̀, ó sì máa ń bó ènìyàn lára. Lọ́dún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀kán rẹ̀ kan ta sí mi lójú nítorí pé mo bọ́ gíláàsì ojú mi kí n lè nu òógùn. Ata rodo kò tó o. Ẹsẹ̀ omi ẹ̀rọ ni mo wà títí ọ̀gá mi fi dé, kò bá mi kẹ́dùn rárá.

Ohun kan wà tí ó kan ẹ̀yin náà tí ẹ ń tún katapílà ṣe. Bí páìpù bá ní ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì tó ń jáde pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́ oníṣègùn, ojú ibẹ̀ lè dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, kí ọwọ́ náà sì di ohun tí wọ́n ń gé. Páálí tàbí igi ni ẹ fi wá a, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ gíláàsì ojú.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí wọ́n ti bàálù wa sẹ́yìn tán, ọkùnrin kan dúró nílẹ̀, ó na aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè sí awakọ̀, awakọ̀ sì juwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ìrìnàjò ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi ọ́ ṣeré ni. Ìdí aṣọ pupa náà ni pínnì irin kan wà, ara ẹsẹ̀ iwájú bàálù ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Katakata tí ó ń ti bàálù sẹ́yìn máa ń fi ọ̀pá gígùn kan yí táyà iwájú, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì hàìdírọ́líìkì ló ń yí táyà yìí kan náà fún awakọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fà á, ọ̀pá yóò dá tàbí kí ó gbá ẹni tó wà nítòsí lẹ́sẹ̀. Pínnì náà ló ń gé agbára ọ́ìlì kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, awakọ̀ kò ní lè yí ọkọ̀ bó ṣe fẹ́, ìdí rèé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi hàn án pé ó ti jáde.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Wọ́n kó wa sínú bàálù, iná ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí atẹ́gùn tútù, a sì làágùn bí ẹni tó wà nídìí ààrò títí ọkọ̀ kan tó gbé páìpù gbàǹgbà fi dé. Bó ti kan páìpù mọ́ wa lára tán ni ẹ́ńjìnnì tó tan. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ni ọkọ̀ yẹn ni?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ méjì ló ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ni ẹ kíyè sí. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà ní ìdí ìrù bàálù tí a ń pè ní APU, òun ló ń pèsè iná àti afẹ́fẹ́ nígbà tí àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá bá dákẹ́. Ti ọkọ̀ yín ti bàjẹ́. Òfin gbà kí ọkọ̀ ṣì máa fò fún ìwọ̀nba ọjọ́ láìní i, níwọ̀n ìgbà tí ohun èlò orí ilẹ̀ bá wà láti rọ́pò rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ onítáyà ló fún yín ní iná, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò bá ti ilé yín mu: fóòtì 115 ni, ó sì ń yí ní ìgbà 400 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí iná ilé wa ń yí ní ìgbà 50. Bí iná bá ń yára yí bẹ́ẹ̀, irin àti wáyà bàbà inú àwọn ẹ̀rọ bàálù lè kéré, kí ó sì fúyẹ́. Èyí tó gbé páìpù gbàǹgbà ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le bíi ti fọ́gánáísà, nǹkan bíi pọ́ùn 40 péré ni, ṣùgbọ́n ó pọ̀ rẹpẹtẹ, bí odò tó kún, ó sì lè yí ẹ́ńjìnnì ńlá títí tí yóò fi gbiná. Ẹ́ńjìnnì tó ti tàn yóò wá fi afẹ́fẹ́ tirẹ̀ tan èkejì. Irú afẹ́fẹ́ kan náà ni atẹ́gùn tútù ń lò, ìdí nìyẹn tí ẹ fi làágùn. Ọkọ̀ kan tún wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú bàálù láti ìsàlẹ̀. Owó ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ san fún un, n kò sì rí ohun tó dára nínú kíkó èrò jókòó sínú ooru kí ọkọ̀ afẹ́fẹ́ tó dé.

Ìbéèrè: Ọmọdé ni mí nígbà tí bàálù tó ń kó àwọn arìnrìnàjò Mẹ́kà bọ̀ wálé jábọ́ ní Jeddah. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ pé táyà ló fà á. Báwo ni táyà ṣe lè já ọkọ̀ tó ti wà lókè? Ǹjẹ́ èrò lè fi ojú wo táyà kí ó mọ̀ bóyá ó dára? Alhaja kan, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Alhaja, kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere. Ọjọ́ 11 oṣù Keje, 1991 ni. DC-8 ni bàálù náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Kánádà ló ni ín, Nigeria Airways ni ó sì ń báni kó èrò fún. Sókótó ló ń bọ̀. Èrò 247 àti òṣìṣẹ́ 14 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè.

Ìwádìí fi hàn pé láti ọjọ́ 7 oṣù náà ni àwọn ẹlẹ́rọ ti mọ̀ pé àwọn táyà kan kò ní afẹ́fẹ́ tó. Náítírójìn ni a ń fẹ́ sí táyà bàálù, nítorí pé ó gbẹ, kò ní omi tí yóò di yìnyín lókè, kò sì ní ọ́síjìn tí yóò ran iná lọ́wọ́ bí bíréékì bá gbóná. Kò sí náítírójìn nítòsí lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ti pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ, ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ìrìnàjò náà sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró níwájú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí, tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí mo ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rí lẹ́nu ẹlẹ́rọ tó fẹ́ kọ̀.

Táyà méjì ló máa ń wà lórí irin kan. Nígbà tí ọ̀kan rọ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹnì kejì lórí. Lórí ìrìn gígùn nílẹ̀, nínú ooru Jeddah, ẹni tó gbé ẹrù méjì gbóná kọjá ààlà, ó sì bẹ́ bí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré; kò pẹ́ tí èyí tó rọ̀ náà fi bẹ́. Rímù ń họ ojú ọ̀nà, rọ́bà tó kù sì gbiná. Awakọ̀ kò mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe bá táyà wọ inú ikùn ọkọ̀, níbi tí páìpù hàìdírọ́líìkì àti wáyà iná ń gbà kọjá. Agbára ọ́ìlì ló lọ, wáyà jó, iná sì gòkè sí ilẹ̀ ibi tí èrò jókòó sí. Wọ́n ti yí padà sí Jeddah. Ó ku nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta kí wọ́n dé ojú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ jábọ́.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Táyà tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó le máa ń dúró gbọn-in bí ẹnì kejì rẹ̀, nítorí pé ẹnì kejì náà ló ń gbé ọkọ̀ fún un. Géèjì nìkan ló lè sọ òótọ́ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ dúró bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá balẹ̀ kí táyà tó tutù tó láti wọ̀n. Táyà Boeing 737 ń gba nǹkan bíi pọ́ùn 200. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, a ń tú u kúrò. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju ogún lọ, a ń tú òun àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dànù, bó ti wù kí èkejì náà dára tó lójú, nítorí pé a kò mọ bí ẹrù tó ti gbé ti pọ̀ tó.