Fóònù Mi Ń Gbóná Bí Ààrò: Ṣé Géèmù Ló Ń Jẹ Bátìrì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ fóònù. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Tọ́jà bá dákẹ́ lọ́sàn-án, Candy Crush ni mo máa ń gbá. Àmọ́ kó tó di aago méjì fóònù ti kú fin-ín-fin-ín, á sì gbóná bíi pé mo gbé e ka iná. Lọ́jọ́ Túsìdeè, kọ́sítọ́mà kan ní òun ti san owó, fóònù ti kú, mi ò rí álẹ́ẹ̀tì, mo ní kó ní sùúrù, ló bá bínú já aṣọ sílẹ̀ ó lọ bá ẹni tó kàn mí. Ọkọ mi ní géèmù ló ń jẹ bátìrì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Pańsẹ́kẹ́ ní kí n ra bátìrì tuntun. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? – Ìyá Aládìrẹ

ÌDÁHÙN: Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.

Àrùn yín ń ṣe èmi náà. Géèmù ejò orí Nokia ló kọ́kọ́ mú mi, èyí tí Taneli Armanto, ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣe sórí Nokia 6110 lọ́dún 1997. Mo máa ń gbá a nínú ọkọ̀ láti Láfẹ́nwá títí ọkọ̀ á fi gbé mi kọjá Kútọ̀, síbẹ̀ bátìrì ò ní mira. Ojú fóònù ìgbà yẹn ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, kò ní àwọ̀, kò ní dátà, kí ló fẹ́ jẹ iná?

Tiyín fẹ̀, ó ń tàn yòò, géèmù ń yàwòrán láìsinmi, dátà ń gbé ìpolówó wọlé. Ọkọ yín ò parọ́. Àmọ́ ooru gan-an ló ń ba bátìrì jẹ́, tó bá sì ti bà á jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ ó máa gbá a lórí ṣáájì ni, àbí? Ṣebí tí wọ́n bá múná dé báyìí gbogbo wa la máa ń fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣáájì ń mú ooru wá, géèmù ń mú ooru wá, ẹ tún wá gbé e sórí òkìtì àdìrẹ nínú oòrùn pẹ̀lú kọ́fà tó nípọn, níbo ni ooru fẹ́ gbà jáde?

Ẹ gbé fóònù dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Tó bá ń mì, tẹ́yìn ẹ̀ yọ gọngọ, bátìrì ti wú nìyẹn, ẹ má ṣáájì ẹ̀ mọ́, ọmọ Pańsẹ́kẹ́ ló jàre, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ti géèmù ọ̀hún, ẹ̀mí 5, ìyẹn àǹfààní láti kùnà lẹ́ẹ̀márùn-ún, ni Candy Crush máa ń fúnni, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ìṣẹ́jú 30 kó tó padà. Mo ti fowó ra ẹ̀mí rí (ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́). Ẹni tẹ́ ẹ bá ń bá ta ayò, ó máa rẹ̀ ẹ́, á ní òun ń lọ jẹun, kì í rẹ Candy Crush. Ní báyìí, tẹ́mìí 5 bá ti tán mo ti ki fóònù bàpò, ó di ọ̀la. Ẹ pa dátà tẹ́ ẹ bá ń gbá a, á ṣì ṣiṣẹ́, álẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí tẹ́sìì wọlé ò sì nílò dátà.

Ẹ bá mi ra fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì yẹn, kẹ́ ẹ ki síìmù álẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá bá ejò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọkọ yín nìyẹn o.