Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìhámọ́ra Fóòmù, Iṣẹ́ Télọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Alágbẹ̀dẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mí, Ṣáńgó nílùú Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn géèmù Halo, mo sì ti pinnu pé n ó ṣe ìhámọ́ra Master Chief, ọmọ ogun aláwọ̀ ewé inú géèmù náà, fún ara mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí n lè wọ̀ ọ́ bí àwa olólùfẹ́ géèmù bá péjọ lópin ọdún. Mo lọ ra fóòmù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, mo gé e, mo sì fín ọ̀dà sí i, ṣùgbọ́n ńṣe ló fa ọ̀dà náà mu bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń fa omi, ìgbàyà tí mo gé kò sì lè dá dúró. Bàbá mi ní mo ń fi owó ṣòfò. Níbo ni mo ti ṣìnà, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ yín, A. K., Ṣáńgó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, bàbá rẹ kò jẹ̀bi, ìwọ náà kò sì jẹ̀bi tán, nítorí orúkọ kan náà ni a fi ń pe ohun mẹ́ta tí kò bára tan. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi mu ọ̀dà rẹ ní àmutẹ́rùn. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí le jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀dà inú agolo tí a ń fín bá kàn án, yíyọ́ ni yóò máa yọ́. Èyí tí àwọn tó ń ṣe ìhámọ́ra géèmù ń lò ni EVA, ìyẹn fóòmù tí ojú ihò inú rẹ̀ pa dé, tí omi kò sì lè ráyè wọ̀. O ti ń rí i lójoojúmọ́: òun ni àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ sílípáàsì, òun náà sì ni ẹní aláwọ̀ mèremère tí a ń so pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n kọ A, B, C sí, tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń jókòó lé.

Nítorí náà, má padà sọ́dọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì. Wá ṣúmékà tó ń ṣe sílípáàsì tuntun ládùúgbò rẹ, kí o bi í níbi tó ti ń ra fóòmù rẹ̀. Mìlímítà ni kí o fi béèrè: èyí tó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6 fún ara ìhámọ́ra gan-an, àti mìlímítà 2 fún àwọn ọnà orí rẹ̀. Kí o tó sanwó, fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ibi tí o tẹ̀ bá tètè padà sípò, ó dára. Bí ó bá jìn kòtò tí kò sì dìde mọ́, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ohun tó kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà rẹ ni "láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀" yẹn. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n dáwọ́ lé, nítorí pé irin ni ojú wọn ń rí nínú géèmù. Iṣẹ́ télọ̀ ni. Wíwọ̀n ni, pátáànì ni, wíwọ̀ wò ni, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ̀ máa gbé agbádá lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ìbọpá kan ṣoṣo ni kí o kọ́kọ́ ṣe, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Gbogbo wàhálà tó wà lára ìgbàyà àti àṣíborí ló wà lára rẹ̀ ní kékeré, bí o bá sì bà á jẹ́, àjákù fóòmù kan péré lo pàdánù.

Báyìí ni wàá ṣe wọ̀n ọ́n. Wọ ẹ̀wù alápá gígùn tí o máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ òde. Fi náìlọ́nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé apá náà, kí ẹnìkan sì bá ọ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká títí yóò fi le bíi páálí, láìjẹ́ pé ó fún débi tí ọwọ́ á fi máa ta ọ́. Fi bírò ya ibi tí ìbọpá náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti àwọn ibi tó ti ṣẹ́ nínú àwòrán Master Chief. Lẹ́yìn náà, fa ìlà gbọọrọ kan sábẹ́ apá, níbi tí ojú ìsopọ̀ máa wà. Kí ẹni náà rọra ki sísọ́ọ̀sì bọ orí ìlà abẹ́ yẹn, kó gé e dé òkè, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí kúrò lápá rẹ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tẹ́ ẹ sórí páálí, fi bírò tẹ̀lé etí rẹ̀, kí o wá fi sẹ̀ǹtímítà 4 kún fífẹ̀ rẹ̀. Fóòmù tó nípọn tó mìlímítà 6, bí a bá ká a yípo apá, ìta rẹ̀ máa fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 gùn ju inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ló máa ń parí iṣẹ́ tán tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní wọ inú rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí o kúkú lọ gba pátáànì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o fi Pepakura, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣe ní Japan, tú àwòrán náà sí ojú bébà pẹlẹbẹ. Kò burú, pàápàá fún àṣíborí. Àmọ́ má gbàgbé pé Master Chief, tó ti wà láti 2001 tí Halo àkọ́kọ́ ti jáde, kì í ṣe ẹni tí télọ̀ Ṣáńgó wọ̀n: nínú ìtàn rẹ̀, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ bó bá wà nínú ìhámọ́ra. Wọn orí ara rẹ, kí o dín pátáànì náà kù kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bíléèdì tuntun ni kí o fi gé e, fífà sì ni kí o máa fà á, má ṣe fi rẹ́ ẹ bí ayùn. Fóòmù yìí máa ń mú bíléèdì kújú kíákíá, nítorí náà bí etí ibi tí o gé bá ń rí jágajàga, má dá ọwọ́ rẹ lẹ́bi, pààrọ̀ bíléèdì.

Ooru ló kàn, ibẹ̀ ni fóòmù ti ń di ìhámọ́ra. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ni héètì gọ́ọ̀nù, irú èyí tí àwọn tó ń lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì ọkọ̀ ń mú dání. Má sáré rà á. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ iná tó wátì 1500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò sì lè gbé e. Bẹ onítíńtì kan, fún un ní owó díẹ̀, kí o sì gbé àwọn tí o ti gé lọ bá a. Máa gbé ooru náà kiri lójú fóòmù, má dúró lójú kan, títí ojú rẹ̀ á fi máa dán díẹ̀, kí o wá ká a mọ́ ara ìgò ńlá, kí o dì í mú títí yóò fi tutù. Ìrísí tó bá gbà yẹn ni kò ní fi sílẹ̀ mọ́. Ṣe èyí kí o tó lo gọ́ọ̀mù, nítorí ooru máa ń tú gọ́ọ̀mù.

Gọ́ọ̀mù ṣúmékà ni kí o fi lẹ̀ ẹ́. Fi pa etí méjèèjì ní fẹ́lẹ́, kí o sì dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí ìka tí o fi kàn án kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Lákòókò ọyẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nígbà òjò ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kí o máa tẹ etí méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti fara kanra, yìgì ti so, kò sí ìkọ̀sílẹ̀.

Ní ti ọ̀dà, kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ po gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, kí o fi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí o tó kun òmíràn. Lẹ́yìn náà ni dúdú, kí àwọ̀ ewé tó dé. Bí o bá fẹ́ kó dà bí irin tó ti rí ogun, lọ wo etí ilẹ̀kùn Micra kan tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà Ìwó Road: etí àti igun ni ọ̀dà ti ń ṣí, kì í ṣe àárín. Ibẹ̀ nìkan ni kí o fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fi àwọ̀ fàdákà tọ́.

Bí o bá wá dórí ìgbàyà, jọ̀wọ́, fi páálí ṣe é ná, kí o wọ̀ ọ́, kí o jókòó, kí o bẹ̀rẹ̀, kí o na ọwọ́ sókè. Ìgbàyà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ṣe bá mi mu rẹ́gí níwájú dígí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ wọ Micra ní Mọ́kọ́lá tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ta mọ́ itan mi, tí tòkè sì gbé àgbọ̀n mi sókè. Ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ títí a fi dé Bódìjà, dẹ́rẹ́bà ń fi dígí wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àṣíborí ni kí o ṣe kẹ́yìn. Gíláàsì ojú àṣíborí ọlọ́kadà máa ń ṣe ojú Master Chief dáadáa, ṣùgbọ́n èémí rẹ á máa bò ó bí ìkùukùu, nítorí náà lu ihò sábẹ́ àgbọ̀n níbi tí ojú kò tó, má sì wọ̀ ọ́ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oòrùn wa yìí. Ẹ̀wẹ̀, má wọ̀ ọ́ gba inú ọjà kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú egúngún ni Ìbàdàn, àwọn ọmọdé á sá.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ mi ọkùnrin, irú nǹkan fóòmù yìí ló ń ṣe nínú yàrá, òórùn gọ́ọ̀mù náà sì ti gba gbogbo ilé. Ṣé kò léwu? Ìyá kan ní Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ó léwu, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè. Kẹ́míkà tó ń fò jáde lára gọ́ọ̀mù yẹn máa ń fa orí fífọ́ àti òòyì, ó sì máa ń tètè gbaná, nítorí náà ìta gbangba ni kó ti máa lò ó, kó jìnnà sí sítóòfù, àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀. Ìbomú aláṣọ kò lè dá a dúró, eruku nìkan ló ń dá dúró. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó bá ń lo gọ́ọ̀mù tàbí bíléèdì, kí ẹ sì fi ohun tó bá lẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́jú kó tó gbé e wọlé. Wíwọ̀n àti gígé pátáànì sórí páálí, ìyẹn ló lè dá ṣe nínú yàrá rẹ̀, sísọ́ọ̀sì lásán ló sì nílò fún un.